Ta ló kọ́kọ́ dé Ìkẹ́rẹ́? Onílé àti àlejò yẹ kí wọ́n jọ ní ilé ìtàn kan

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó ju abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, kò dìgbà tó bá rìn jìnnà púpọ̀. Kó wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́, kó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Adó-Èkìtì lòun ń lọ, kó tó dé Adó ni yóò kan Ìkẹ́rẹ́. Kò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá òun ti débẹ̀, nítorí àwọn òkè olókùúta ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Olósùnta rèé, Òròlé nìyẹn. Òkúta ńláńlá ni wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé alájà mẹ́ta fi dà bí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Abẹ́ àwọn òkúta yìí nìlú Ìkẹ́rẹ́ wà, abẹ́ wọn náà sì ni ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí kò tíì tán títí dòní.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò gùn rárá. Ta ló kọ́kọ́ dé?

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ìbéèrè tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bi ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti dé kóòtù, ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba, ó sì ti jẹ́ káwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà máa wo ara wọn ní ìwòkuwò. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì dá a sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, ẹmu á kan mọ́ wọn nínú agbè kí àríyànjiyàn tó parí. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti ń bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹni tó ni adé àti ẹni tó nilẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè.

Bí wọ́n ṣe máa ń pa ìtàn náà rèé. Wọ́n ní ọdẹ ni Ògògà àkọ́kọ́, pé láti Benin ló ti gbéra. Ọdẹ ẹmọ́ àti ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́ o, ọdẹ aperin ni. Ó ń tọ ipasẹ̀ erin bọ̀ láti inú igbó Benin, ó ń kọjú sí àríwá, títí tó fi dé abẹ́ àwọn òkè yìí. Ìgbà tó débẹ̀, kò bá ilẹ̀ lófìfo. Olúkẹ́rẹ́ ló bá níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń bọ Olósùnta. Onílé gba àlejò, àlejò jókòó, nígbà tó ṣe, àlejò di ọba. Látìgbà náà ni Ògògà ti wà, tí Olúkẹ́rẹ́ náà sì wà, tí ìlú kan ṣoṣo fi ní ìtàn méjì. Bí àlejò ṣe di ọba gan-an, ibẹ̀ lẹnu àwọn èèyàn ò ti kò. Ilé kan ń sọ ọ́ lọ́nà kan, ilé kejì ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kálukú sì lè fi ọmú ìyá rẹ̀ búra pé tòun lòótọ́.

Ẹni tí kò bá mọ Benin ayé àtijọ́ lè máa rò ó pé kí ni ọdẹ ń wá lọ sírú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ní Benin, ọrọ̀ ńlá leyín erin. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ọdẹ bá pa erin, eyín kan ti di ti Ọba ná, kí ọdẹ tó máa wo èkejì. Nígbà táwọn Potogí sì dé Benin lẹ́yìn 1480, eyín erin wà lára ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wọn. Erin náà kì í sì í dúró de ọdẹ. Bí wọ́n bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu níbi kan, á sún síwájú, ọdẹ á sún tẹ̀lé e. Ibi tí ọdẹ bá sùn sí lónìí, ó lè di ahéré lọ́la. Ahéré tó bá rí omi, tó tún rí òkè tí èèyàn lè sá gùn bí ogun bá dé, ó di abúlé. Bí ìyàwó bá wá bá ọdẹ níbẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kómọ jáde, ìlú ti dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ló jẹ́ pé bí a bá wádìí wọn dé ìsàlẹ̀, ọdẹ la máa bá níbẹ̀.

Ọdẹ nìkan kọ́ ló sì gba ọ̀nà náà. Jacob Egharevba, òpìtàn Benin tó kọ ìwé nípa ìlú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, sọ pé Ọba Ewuare, tó fi gígorí oyè rẹ̀ sí nǹkan bí 1440, jagun dé ilẹ̀ Èkìtì. Jagunjagun gba ibẹ̀, oníṣòwò gba ibẹ̀, ọmọ ọba tí ìlú rẹ̀ ò gbà mọ́ náà gba ibẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì ló ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti wá. Ẹni tó bá ti Ifẹ̀ bọ̀ wá sí Èkìtì, ibi tí oòrùn ti ń yọ ló kọjú sí. Ẹni tó bá ti Benin bọ̀, àríwá ló kọjú sí. Èkìtì ni wọ́n ti wá pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, tí wọ́n fẹ́ ara wọn, tí wọ́n bímọ fún ara wọn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ya ọmọ onílé sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ àlejò ní Ìkẹ́rẹ́ lónìí, àfi kó ya omi kúrò nínú ẹ̀kọ.

Ìkẹ́rẹ́ nìkan kọ́ nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní Adó-Èkìtì tó wà nítòsí, wọ́n ní Èwí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Awamaro nítorí pé kì í gbé ojú kan, gba Benin kó tó wá sí Èkìtì, ó sì bá Ẹlẹ́sùn nílẹ̀ lábẹ́ òkè Ọlọ́ta. Tiwọn le ju ti Ìkẹ́rẹ́ lọ, nítorí ìtàn Adó sọ pé ìjà ló parí ẹ̀, ìjà náà ló sì gbé Ẹlẹ́sùn lọ. Ní Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní orírun, wọ́n ní Odùduwà bá àwọn èèyàn Ọbàtálá nílẹ̀. Wọ́n sì tún sọ nípa àwọn tó ń fi ìko bora wá jà ìlú lólè, títí tí Mọ́remí fi tú àṣírí wọn. Ifẹ̀ ò bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ o. Ọdún Ẹdì ni wọ́n fi ń rántí ẹ̀ lọ́dọọdún. Ìjà àná ti di ohun tí wọ́n ń lùlù sí, tọ́mọdé tàgbà ń wò.

Àwọn baba ńlá Ìkẹ́rẹ́ náà wá ọgbọ́n dá sí i. Ògògà ni ààfin wà lọ́wọ́ rẹ̀, Olúkẹ́rẹ́ ni òrìṣà òkè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọdún Olósùnta bá dé, Olúkẹ́rẹ́ ni gbogbo ojú ń wò. Bí ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn bá dé, ojú á yí sí ààfin. Ìgbà tí òyìnbó dé ni nǹkan yí padà. Ẹnì kan ṣoṣo ni òyìnbó ń fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ìlú, ẹnì kan tí yóò máa gba owó orí, tí yóò máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Ìwé ìjọba ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ olórí méjì sórí ìlà kan. Ohun tí ẹnu ti ń tún ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá di ohun tí bírò ń bà jẹ́. Ta ló jàre, ta ló jẹ̀bi? Adájọ́ ló ni ìyẹn. Ohun tó kan gbogbo ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni pé ìtàn méjèèjì ń dàgbà, àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú sì ń wọlẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi Èkìtì sílẹ̀ díẹ̀, ká dé Amẹ́ríkà, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti fi ṣe nǹkan.

Láàárín àwọn ọdún 1840 sí 1860 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn tó lé ní 300,000 ló di ẹrù wọn sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, tí wọ́n fi apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà sílẹ̀, tí wọ́n kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Àwọn kan ń lọ sí California, àwọn kan ń lọ sí Oregon. Láti Missouri dé Oregon, nǹkan bíi 2,000 máìlì ni. Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, nítorí ẹrù ló kún inú ẹ̀. Onígbáméjì pa wọ́n bí ẹni ń pa adìyẹ, ojú ọ̀nà náà ni wọ́n sì ń sin òkú wọn sí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí ìtàn yẹn kú. Ní 1992, wọ́n ṣí ilé ìtàn ńlá kan sórí òkè kan lẹ́bàá Baker City ní Oregon, tìtorí àwọn arìnrìn-àjò yìí nìkan. Ẹni tó bá débẹ̀ á rí irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lò, á rí bí wọ́n ṣe ń dáná lójú ọ̀nà, á gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n ń fi pa ọjọ́ mọ́. Bó bá sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, á tún rí ojú ipa kẹ̀kẹ́ nínú ilẹ̀ títí dòní. Àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ iléèwé lọ síbẹ̀. Ìyá á fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, á ní, "Wò ó, ọ̀nà tí baba ńlá wa gbà nìyí."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn onílẹ̀ wà ní Oregon kí kẹ̀kẹ́ kankan tó débẹ̀. Cayuse wà níbẹ̀, Umatilla wà níbẹ̀, Walla Walla wà níbẹ̀. Àwọn àlejò gbé èéyi dé, ní 1847 ó pa àwọn Cayuse lọ rẹpẹtẹ. Ní 1855, wọ́n pe àwọn ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó láti tọwọ́ bọ̀wé, ìgbà tí ìwé yẹn sì parí, ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 6 ékà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní kí àwọn yìí wá wo ilé ìtàn àwọn tó dé bá wọn, kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀ tí inú wọn máa dùn sí?

Wọn ò jókòó máa bínú. Ní 1998, àwọn ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ ilé ìtàn tiwọn sórí ilẹ̀ wọn lẹ́bàá Pendleton, wọ́n pè é ní Tamástslikt. Níbẹ̀, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n láti ojú ẹni tó wà nílé nígbà tí àlejò kanlẹ̀kùn. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé kí àlejò tó dé, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe wà lónìí, kẹ́nikẹ́ni má baà rò pé wọ́n ti tán. Láti ilé àkọ́kọ́ dé ìkejì, mọ́tò ò rìn tó wákàtí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òdodo, á wọ ilé méjèèjì.

Ìkẹ́rẹ́ wá ńkọ́? Ìkẹ́rẹ́ ò nílò ilé méjì tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ilé kan tó ní yàrá méjì tó o. Ẹ̀rí tí wọn yóò kó síbẹ̀ ò sì wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó lókìkí jù nínú wọn ti kúrò nílùú tipẹ́.

Ìyẹn ni ilẹ̀kùn Ògògà. Láàárín 1910 sí 1914, Ògògà ayé ìgbà náà ránṣẹ́ pe agbẹ́gilére kan láti Ìsẹ̀-Èkìtì pé kó wá ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́. Ọlọ́wẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ọba. Ọlọ́wẹ̀ dé, ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kan wà nínú wọn tó jẹ́ abala méjì. Lórí abala kan, Ògògà jókòó tòun ti adé lórí, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Lórí abala kejì, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan ń bọ̀, Kápútéènì Ambrose, àwọn aláàárù gbé e. Ọba ò dìde pàdé rẹ̀ o. Ọba jókòó, àlejò ló ń bọ̀. Ẹni tó bá wo ilẹ̀kùn yẹn dáadáa á mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ti fi igi kọ ìwé ìtàn. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ àlejò nígbà kan ti di onílé, àlejò mìíràn ló tún dé yìí, láti ọ̀nà tó tún jìn ju Benin lọ.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pàtẹ ohun oríṣiríṣi láti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn British Museum rí i, ojú wọn wọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ ẹ. Wọn ò fowó rà á, pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n fún Ògògà ní àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba ilẹ̀kùn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, ọwọ́ British Museum ló ṣì wà. Òpó kan láti ààfin náà, èyí tí ọba jókòó lórí ẹ̀, tí olorì rẹ̀ dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, Chicago ló wà ní Amẹ́ríkà, Art Institute ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí láti 1984. Àwọn baba ńlá Ògògà tọ ipasẹ̀ erin dé Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni yóò wá máa tọ ipasẹ̀ ilẹ̀kùn wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò bá ní físà ńkọ́?

Ká má parọ́, ọba ọjọ́ náà mọ ohun tó ń ṣe. Lójú rẹ̀, ilẹ̀kùn tó bá lọ, agbẹ́gilére lè gbẹ́ òmíràn. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé. Kò mọ̀ pé bópẹ́ bóyá Ọlọ́wẹ̀ máa kú, kò sì sí Ọlọ́wẹ̀ mìíràn.

Ọlọ́wẹ̀ yìí gan-an, arìnrìn-àjò lòun náà. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1875, Ìsẹ̀ ló wá gbé, Ìsẹ̀ ló sọ di orúkọ. Àlejò ni nílùú tó ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn lónìí. Ó kú ní 1938. Ní 1988, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún gééré, àwọn onímọ̀ wá sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láyé, màmá náà sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún wọn, wọ́n gbà á sílẹ̀. Ní 1998, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ní Washington, ayé wá wò ó. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò ná. Bí ó bá jẹ́ pé màmá yẹn ti kú ní 1987 ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ì bá ti bá a wọlẹ̀. Mélòó nírú màmá bẹ́ẹ̀ ló jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹmùré báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ní nǹkan kan?

Ẹmùré náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ o. Ẹmùré-Èkìtì wà níhìn-ín, Ẹmùré-Ilé wà lápá Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ kan náà, ibùgbé méjì. Ará Èkìtì tó ń pe ilé ní "ulé" ò nílò kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún un. Bí ẹnì kan bá ń jẹ́ Ilé, ẹlòmíràn ti kúrò nílé nìyẹn. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, bí wọ́n bá yà wọ́n sórí àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ iléèwé lè fi ìka tọ̀, ọmọ náà á rí i pé kò sí ìlú kan tó hù látinú ilẹ̀ bí olú.

Ìrìn náà ò sì tíì dáwọ́ dúró. Àwọn àgbẹ̀ Ebira ń ti ìhà Okene, níbi tí oòrùn ti ń yọ, wọ inú oko Èkìtì láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń gbin iṣu. Iṣu tí wọ́n fi ń gúnyán ní ọ̀pọ̀ ilé Èkìtì, ọwọ́ ta ló ti wá? Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí àwọn abà yẹn ń sọ Èkìtì bí ẹni tí wọ́n bí sí ààfin. Lọ́jọ́ kan, àwọn náà á béèrè ibi tí ìtàn tiwọn wà. Ìlú tí kò bá tíì mọ bó ṣe máa sọ ìtàn àlejò tó dé ní ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn, báwo ló ṣe máa sọ ti àlejò àná?

Nítorí náà, ilé ìtàn ló kù. Kí yàrá kan jẹ́ ti Olúkẹ́rẹ́, kí àwọn èèyàn rẹ̀ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń já lu ọ̀rọ̀ wọn. Kí yàrá kejì jẹ́ ti Ògògà, káwọn náà sọ tiwọn láti Benin dé abẹ́ òkè. Láàárín yàrá méjèèjì, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, kí wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ sára ògiri níbẹ̀, kí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí kò lè dé Lọ́ńdọ̀nù rí ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi tọrọ àga. Àlejò tó bá wọlé, kó wọ yàrá méjèèjì kó tó jáde, kó sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dá a rò.

Àwọn kan á ní irú ilé bẹ́ẹ̀ á tún dá ìjà sílẹ̀ ni. Wọ́n á ní ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yàrá ta ló máa tóbi jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, èèyàn á jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé ìtàn kọ́ ló bí i. Ó sì sàn kéèyàn máa jà lórí bí yàrá ṣe fẹ̀ tó ju kó máa jà lórí ohun tí kò sí ẹni tó tún rántí ẹ̀ dáadáa mọ́. Ìtàn tí wọ́n fi pamọ́ ni í di oró. Èyí tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ síta, onílé á gbọ́ tẹnu àlejò, àlejò á gbọ́ tẹnu onílé, bí wọn ò tilẹ̀ fẹ́ràn ara wọn, wọ́n á mọ ohun tó ń dun ẹnì kejì.

Àwọn mìíràn á ní owó dà. Owó ilé lè má tíì sí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò gba owó. Yunifásítì Bamidele Olumilua wà nínú Ìkẹ́rẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé kún inú ẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Fóònù tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ náà lè gba ọ̀rọ̀ baba àgbà sílẹ̀. Kí olùkọ́ kan pín wọn sí agbo ilé, kí wọ́n lọ pẹ̀lú obì àti ìkúnlẹ̀, kí wọ́n kí àwọn àgbà dáadáa, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: níbo lẹ ti wá, ta lẹ bá nílẹ̀, kí lẹ jọ ṣe àdéhùn? Kí wọ́n gbọ́ ti agbo ilé Olúkẹ́rẹ́, kí wọ́n gbọ́ ti agbo ilé Ògògà, kí wọ́n kọjá sí Ìsẹ̀, kí wọ́n dé Ẹmùré. Láàárín ọdún kan péré, ohun tí wọn yóò kó jọ á kún àpótí. Ìgbà tí àpótí bá kún, àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi á mọ ohun tí wọ́n ń dáwó fún.

Ọdẹ tó kúrò ní Benin lọ́jọ́ kìíní ò ní àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́, ipasẹ̀ erin ló ń tọ̀. Onílé tó gbà á sílé náà ò bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un lómi mu. Àwọn méjèèjì ló ṣe ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn àgbà tó lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ṣì kù díẹ̀, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú pátápátá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ṣú o. Ẹni tó bá létí, kó tètè lọ jókòó ti baba rẹ̀.